Orí Òdòdó àti Ọmọ Òdòdó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojúde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní Bàríga àti nídìí ògiri ní Ṣómólú, koríko kan wà tó ń rá nílẹ̀, tó sì ń gbé òdòdó kékeré sókè lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Àárín òdòdó náà pọ́n rúsúrúsú, etí rẹ̀ sì funfun. Tridax procumbens ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ṣé ẹ ti dá a mọ̀?

Ẹ já òdòdó náà, kí ẹ fi èékánná là á sí méjì. Ohun tí ẹ pè ní ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ ló kóra jọ síbẹ̀, bí ìdílé púpọ̀ ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọ ilé face-me-I-face. Ẹ jẹ́ ká pe àkójọ náà ní orí òdòdó, ká sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọmọ òdòdó. Ṣé a jọ ń lọ?

Ẹ lè bi mí pé, "Ewé funfun etí yẹn ńkọ́?" Ọmọ òdòdó ni òun náà: ó ní ẹ̀yà abo tirẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì pín sí eyín mẹ́ta. Àwọn ti àárín jẹ́ oníhò tóóró, wọ́n ní akọ, wọ́n ní abo. Ọmọ òdòdó kan kì í so ju èso kan lọ. Èso náà ní irun lórí, atẹ́gùn á sì gbé e láti gọ́tà dé orí ògiri. Ó yé yín?

Ibi tó ti le nìyí: ìbátan Tridax ni ewúro. Orí òdòdó ewúro kò ní ti etí, oníhò nìkan ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti imí-eṣú. Ti yánrin yàtọ̀: gbogbo ọmọ òdòdó rẹ̀ ló rí pẹlẹbẹ bí ti etí. Síbẹ̀, gbogbo wọn ló ní orí òdòdó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà nínú ìdílé kan náà, Asteraceae. Ṣé ẹ rí okùn tó so wọ́n pọ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà. Ní Ọsirélíà, òdòdó ìgbẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Brachyscome. Etí rẹ̀ lè funfun tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò, àárín rẹ̀ sì sábà máa ń pọ́n rúsúrúsú. Ẹ̀yin náà ti lè sọ ìdílé rẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá ìbátan òdòdó, ẹ má fi àwọ̀ tàbí adùn ewé ṣe ìdájọ́. Ẹ là á wò.