Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Sólà n'Ìṣẹ̀rí-Olófin

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó kọ́ ìtẹ́ tó kéré jù, ìrù tó yọ síta ni ológbò yóò fi mú un. Bí ẹnì kan n'Ìṣẹ̀rí-Olófin, l'Ékòó, bá sọ lónìí pé òun fẹ́ ra sólà, ìbéèrè tí aládùúgbò máa kọ́kọ́ bi í ni, "kVA mélòó?" Èyí tó máa tẹ̀ lé e ni, "Èló?" Ìbéèrè méjèèjì dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ kó ṣíwájú nínú wọn. Ohun tó yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ̀ ni iye iná tí ilé rẹ̀ ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òru ni bátìrì ń ru ẹrù ilé, bátìrì yìí kan náà ló sì sábà máa ń gba owó jù nínú gbogbo ẹrù sólà.

Láti Ìkọ̀tún dé Ìgandò, láti Ìdímù dé Ẹgbẹ́dá, òrùlé tí páńẹ́ẹ̀lì wà lórí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kọjá 480. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, 998 náírà ni ilé epo NNPC ń tà á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour", tí mẹ̀kúnnù agbègbè yìí fi ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n sì fi ń gba afẹ́fẹ́ fáànù, wá di ohun tí ènìyàn ń ro owó rẹ̀ kó tó fa okùn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré: káàbọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun ní Nàìjíríà.

Iná ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ikeja Electric ló ń pín iná fún agbègbè yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, ìpele tí iná ń dé fún jù, láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225. Ní ọjọ́ 14, 15 àti 19 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, gíríìdì orílẹ̀-èdè dà wó, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń wá iná tí yóò wà ní ìkáwọ́ ara wọn.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹrù kan náà ló yẹ gbogbo ilé. Wákàtí iná ni wọ́n fi pín àwọn oníbàárà sí ìpele: Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́, Band B mẹ́rìndínlógún, Band C méjìlá, Band D mẹ́jọ, Band E mẹ́rin. Ẹni tó wà lórí Band A tí iná náà sì ń dé lóòótọ́, bátìrì àti ìnfátà ni ó nílò jù. Páńẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta lè tó fún un láti fi dín owó mítà kù. Ẹni tó wà ní Band D, tó jẹ́ pé àárín òru ni iná tirẹ̀ ń dé nígbà mìíràn, oòrùn ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé, páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti mú bátìrì kún láìretí ẹnikẹ́ni. Àdúgbò méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn lè wà lórí fíídà (wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rẹ́ ẹni rà n'Ìdímù kò tíì di òfin fún ẹni tó ń gbé Ìṣẹ̀rí.

Irinṣẹ́ tó dára jù fún ìṣirò ilé ti wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ènìyàn: mítà prípéèdì. Yúnìtì kan tí mítà ń kà ni iná ẹgbẹ̀rún wáàtì fún wákàtí kan. Lọ́jọ́ tí iná bá wà mọ́jú, kí onílé kọ nọ́ńbà orí mítà sílẹ̀ ní aago méje alẹ́, kó lo kìkì ohun tó fẹ́ kí sólà máa gbé fún un, kó sì tún wò ó ní aago méje òwúrọ̀. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni oúnjẹ òru ilé náà. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí àlejò pọ̀ kò jọ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí kò ní mítà lè ka wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kó sì fi iye wákàtí tó ń lò ó sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ilé oníyàrá mẹ́ta kan yẹ̀ wò, irú èyí tó pọ̀ lẹ́bàá òpópónà LASU sí Ìyànà-Ìpájà. Fáànù mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan 60 wáàtì, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́sàn-án, jẹ 1,620 wáàtì-wákàtí. Fíríìjì tí kò tóbi jù á jẹ bíi 600 láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀, nítorí ó ń sinmi lóòrèkóòrè. Gílóòbù LED mẹ́fà á jẹ 300, tẹlifíṣọ̀n àti dìkódà 320, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká 200. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,040: yúnìtì mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ó yẹ kí èyí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Fáànù tí a kà sí nǹkan kékeré ló jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ, torí pé kì í sinmi. Ẹni tó bá fi fáànù tuntun tí kì í jẹ ju 30 wáàtì lọ rọ́pò wọn ti dín bátìrì tó yẹ kó rà kù kó tó dé ọjà rárá.

Bátìrì lítíọ́mù 51.2 fólítì, 100Ah, gba yúnìtì 5.12. A lè lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìpa á lára. Bí ìnfátà bá tún mú owó ọ̀nà tirẹ̀, yúnìtì mẹ́ta àbọ̀ ó lé á ṣẹ́ kù, ilé wa á sì sùn kó jí. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tọ́búlà, èyí tó jẹ́ 12 fólítì àti 220Ah, gba yúnìtì 2.64, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fà á kọjá ìdajì. Nínú ìṣirò, mẹ́ta irú rẹ̀ tó fún ilé yìí, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń tò pọ̀ kí fólítì wọn lè bá ti ìnfátà mu.

Lọ́jọ́ ìsanwó, tọ́búlà lè rọjú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbowó: omi bátìrì tí a gbọ́dọ̀ máa bù sí i, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ tí kò yẹ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, àti ooru Èkó tó ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀ kù. Bí a bá ń fà á dé ìdajì lójoojúmọ́, ó lè fara da bíi ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ìgbà. Lítíọ́mù gidi ń lo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tó bá ní agbára rẹ̀, lítíọ́mù ni kó rà. Kó sì rí i pé LiFePO4 ni wọ́n kọ sí i lára, nítorí kì í tètè gbiná bí àwọn oríṣi lítíọ́mù mìíràn.

Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Òwe yìí kò sọ pé kí ènìyàn máa sanwó láìwojú ọjà o. Àwọn oníjìbìtì ń tú bátìrì tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára mọ́tò, wọ́n ń dì í sínú páálí tuntun, wọ́n sì ń tà á ní 100Ah. Wọ́n ń lẹ "400W" mọ́ páńẹ́ẹ̀lì tí kò lè mú 250 wá. Ojúlówó páńẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje àbọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin, ó sì wúwo tó bíi kílò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó kò lè mú ju nǹkan bí 20 sí 22 wáàtì wá, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń lọ sí ọjà Alábà mú téèpù dání. Bí páńẹ́ẹ̀lì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tó fẹ̀ ní méjì àbọ̀, bá ń pe ara rẹ̀ ní 400, irọ́ ni.

Mẹ́rin nínú páńẹ́ẹ̀lì 550 yìí ló yẹ ilé wa. Bí a bá pín oòrùn Èkó dọ́gba jákèjádò ọdún, ó tó bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn kíkún lóòjọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò yẹn ni kí a fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe oṣù Kejì tí oòrùn ń ràn yòò. Kí páńẹ́ẹ̀lì dojú kọ gúúsù, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ sólà jẹ́ ládùúgbò yìí ni òjìji táǹkì omi tó wà lókè stáńṣọ̀n. Òjìji tó bo igun páńẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo àwọn tó so mọ́ ọn sẹ́yìn. Kí oníṣẹ́ gun òrùlé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó sì tún gùn ún ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó tó sọ ibi tó máa kàn án mọ́. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n máa fi omi lásán fọ̀ ọ́ ní kùtùkùtù, kí dígí rẹ̀ tó gbóná.

Ti ìnfátà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìnfátà 3.5 kVA ń gbé nǹkan bí 2,800 wáàtì, èyí sì ju ohun tí ilé wa ń lò lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Kí ara rẹ̀ ní àkọlé "pure sine wave", kí ibi tó ń gba iná oòrùn jẹ́ MPPT. Pọ́ńpù bọ́họ̀ọ̀lù ni kí a ṣọ́ra fún: èyí tó jẹ́ 1 HP ń lo 750 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n ó lè bèèrè ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ọ̀sán gangan ni kí a máa fa omi, nígbà tí bátìrì ti kún. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, kí wọ́n dúró de iná ìjọba.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè kọ́kọ́ ra ìnfátà tó máa gba ẹrù ọ̀la àti bátìrì lítíọ́mù kan, kó máa fi iná ìjọba mú bátìrì náà kún, kó sì fi owó àjọ ra páńẹ́ẹ̀lì méjì méjì lẹ́yìn náà. Tọ́búlà kò gba irú èyí: bí a bá so tuntun mọ́ èyí tó ti lo ọdún méjì, èyí tó ti gbó á fa tuntun lọ. Ayálégbé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ onílé kó tó lu ihò kankan sí òrùlé, kí ìwé náà sì sọ pé ẹrù òun ni, òun á kó o lọ. Fún ẹni tó wà ní yàrá kan, èyí tí bátìrì àti ìnfátà rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo tó ṣeé gbé ló bọ́gbọ́n mu.

Kí owó tó tán lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á, kí ẹ̀rí ti wà. Kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ara bátìrì, ìnfátà àti páńẹ́ẹ̀lì sínú rìsíìtì, kó béèrè ẹni tó máa dáhùn bí ọ̀kan bá bàjẹ́ láàárín ọdún àkọ́kọ́, kó wo wáyà bóyá bàbà gidi ni, kó sì rí okùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Kó mú díẹ̀ nínú owó dúró títí ilé á fi lo òru kan gbáko lórí bátìrì nìkan, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí wọ́n fẹnu kò lé lórí.

Ọ̀rọ̀ bátìrì àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ gbé. Òjé ló wà nínú tọ́búlà, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Ògijo, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì pọ̀, eruku wọn wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò, ìjọba sì ti àwọn kan pa nínú wọn ní 2025. Ẹni tó ń ta bátìrì tó ti kú fún ọmọ tó ń ti bárò kiri kò mọ ibi tí òjé inú rẹ̀ máa sùn sí. Ilé-iṣẹ́ tó bá ta tuntun ni kí a bá ṣe àdéhùn pé wọ́n á gba àtijọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má da omi inú bátìrì sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga.