Fáìlì, Dátábéèsì àti Sọ́fítíwia Rẹ̀

Màmá mi ń ta gbànja ní Sábó, Ṣágámù. Mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí fáìlì Excel. Àbúrò mi ní tirẹ̀ lórí fóònù. Alájì kan sanwó, fáìlì kan gbọ́, èkejì ò gbọ́. A tún lọ bèèrè owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì wá!

Fáìlì kàn ń pa ohun tí a kọ mọ́ ni. Dátábéèsì ni àkọsílẹ̀ tí a so pọ̀: orúkọ oníbàárà wà níbì kan ṣoṣo, gbèsè àti owó tó san so mọ́ ọn. MySQL tàbí SQLite ni sọ́fítíwia tó ń ṣọ́ ọ. Bí a bá fún un lófin, kò ní gba gbèsè ẹni tí kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tó kọ “MySQL ni dátábéèsì mi” nínú ìdánwò ti pe akápò ní owó.

SQLite ló ń da ọ̀pọ̀ wa rú, torí inú fáìlì kan ló ń kó odindi dátábéèsì sí. Ẹ fi Notepad ṣí i wò: jágbajàgba ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Sọ́fítíwia ló mọ̀ ọ́n kà.