Pàǹtí Ilé Wa: Ẹ̀kọ́ fún Bàbá, Ìyá àti Ọmọ

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá fẹ́ kí ìlú wa mọ́, kí odò wa sì máa ṣàn geere, inú ilé ìdáná wa ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ará ilé ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Nítorí náà, ó dára kí bàbá tàbí ìyá kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ.

Ní ayé àwọn baba wa, ohun tí ilẹ̀ kò lè jẹ kò pọ̀ nínú ààtàn. Ewé tí a fi di ẹ̀kọ, èèpo iṣu, èèpo àgbàdo àti eérú, gbogbo wọn a máa jẹrà, wọn a di ilẹ̀ dúdú tí tẹ̀tẹ̀ ń hù lé lórí. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rá àti ike ti gba ipò ewé. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Èyí tí a bá rì mọ́lẹ̀ nísinsìnyí, àwọn ọmọ ọmọ wa lè fi ọkọ́ hú u jáde.

ÌPALÁRA TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Èkíní, pàǹtí a máa dí ọ̀nà omi. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí òjò ńlá mú kí odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, tí ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé bá ìlú náà, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ. Lóòótọ́, òjò náà pọ̀ jọjọ, a sì ti kọ́ ilé púpọ̀ sí ojú ọ̀nà omi. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí a ń dà sínú odò wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Ẹni tí ó da agbọ̀n kan sí gọ́tà lè wí pé kékeré ni. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ti da tirẹ̀.

Èkejì, omi òjò a máa dúró nínú agolo òfìfo àti abọ́ fífọ́, níbi tí ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri fẹ́ràn láti yé sí.

Ẹ̀kẹta, bí a bá dáná sun ọ̀rá àti ike, èéfín rẹ̀ ní oró, ó sì ń ba àyà jẹ́, pàápàá ti ọmọdé àti aboyún. Ewúrẹ́ tí ó bá gbé ọ̀rá mì pẹ̀lú, ọ̀rá náà lè dì sí i nínú títí yóò fi kú.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀.

1. Kí àwọn ọmọ gbé agbọ̀n méjì kalẹ̀: ọ̀kan fún ohun tí ń jẹrà, èkejì fún ọ̀rá, ike, ìgò àti agolo.

2. Kí bàbá gbẹ́ ihò ajílẹ̀ tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 3, tí ó sì jìn ní ẹsẹ̀ 3, kí ó jìnnà sí kànga. Kí a tẹ́ ewé gbígbẹ sí i, lẹ́yìn náà èèpo oúnjẹ, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ, kí a sì fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa tò ó títí yóò fi kún. Kí ó tutù bí aṣọ tí a ti fún, kí ó má ṣe rin gbingbin. Kí a máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ó bá ń jẹrà dáadáa, inú rẹ̀ yóò gbóná. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ó bá dúdú, tí kò sì rùn mọ́, ẹ kó o sí ìdí ẹ̀fọ́, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

3. Kí ìyá mú agbọ̀n àti abọ́ lọ sí ọjà, kí ó sì yan ohun tí a fi ewé dì níbi tí ó bá wà.

4. Kí a má ṣe sun ọ̀rá. Kí a fọ ìgò àti ike tí ó ṣì dára, kí a tún wọn lò, tàbí kí a tà wọ́n fún àwọn tí ń ra àlòkù kiri.

5. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ilé kó gọ́tà iwájú wọn. Ẹ má ṣe fi ẹrẹ̀ tí ẹ kó jáde sílẹ̀ ní etí rẹ̀, nítorí òjò àkọ́kọ́ ni yóò gbá a padà.

Iṣẹ́ yìí kò gba owó, ìfẹ́ sí aládùúgbò ni ó gbà. Omi tí a dí lọ́nà ní ẹnu ọ̀nà wa, ilé ẹlòmíràn ni ó lè wọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ARÁ ILÉ

Níbo ni pàǹtí ilé wa lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá? Kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀ oko wa ìbá ti jẹ? Ta ni ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò wa?