Àkànní, Má Fi Ẹnu Gbá Bọ́ọ̀lù Níwájú Mi

Àkànní, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kó o fetí sí mi. Gbogbo ohun tí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pariwo rẹ̀ ní pálọ̀ lánàá ni mo gbọ́. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ rí Bright Osayi-Samuel mọ́, pé kó jókòó sí Birmingham rẹ̀, pé Ọlá Àìná nìkan ló tó ṣọ́ ẹ̀yìn lọ́tùn-ún fún Super Eagles. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Èyí tó dùn mí wọra ni èyí tí ìwọ fẹnu ara rẹ fi kún un: “Ṣebí ọmọ Yorùbá ni Àìná.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ta ló kọ́ ẹ? A ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ẹni tó ò ń pè ní ọmọ ilé wa yẹn, Southwark ní London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1996. Chelsea ló tọ́ ọ dàgbà nídìí bọ́ọ̀lù, ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń wọ̀ kó tó wá bá wa lọ́dún 2017. Bright tẹ́ ẹ ń bú, Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1997, kí wọ́n tó kó lọ sí Spain, kí wọ́n tún tó ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ri ìwọ́ wọn mọ́lẹ̀ sí lẹ fẹ́ máa wò, ta ni yóò wọlé nínú àwọn méjèèjì? Láti ayé Augustine Eguavoen ni mo ti ń wo ẹ̀yìn ọ̀tún yẹn. Nígbà tó wà nínú ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní Tunis lọ́dún 1994, gbogbo àdúgbò ló jó. Kò sẹ́ni tó béèrè ìlú bàbá rẹ̀ kó tó jó.

Ó yá, iṣẹ́ ni ká wò.

Èmi náà fẹ́ràn Àìná, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Nígbà míì tó o bá ń wò ó, má tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó o máa wò. Bí wíńgà bá gbé bọ́ọ̀lù dojú kọ ọ́, kì í sáré já lù ú. Á fi ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kọjú sí i, á máa fà sẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní wo èjìká tí onítọ̀hún ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, á rọra máa tì í lọ sí etí ìlà. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá fi díẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn ló máa tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Sùúrù yẹn ni iṣẹ́ ẹni ẹ̀yìn, Àkànní. Tún wò ó pé tí wọ́n bá gbé e lọ sápá òsì, iṣẹ́ náà ni yóò ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn ni Nottingham Forest fi ṣe ipò keje ní sáà 2024 sí 2025, tí wọ́n fi padà sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ó wà níbẹ̀. Ó sì gbọ́n síwájú pẹ̀lú: ní Alexandria lọ́dún 2019, gìgísẹ̀ ló fi ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún Ighalo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Ighalo sì fi já Burundi sí kòtò.

Ṣùgbọ́n òun kan náà ló gbá pẹnáritì sókè réré nígbà tá a kojú South Africa nínú ife Áfíríkà ní Bouaké, ní February 2024. Ọlọ́run ló yọ wá, a borí pẹ̀lú pẹnáritì 4-2. Ṣé o bú u? O ò bú u. Kí ló wá dé tí Bright ò lè ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo kẹ́ ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Wíńgà ni Bright látilẹ̀. Iwájú ló ń gbá ní Blackpool àti QPR. Ìgbà tó dé Fenerbahçe ní January 2021 ni wọ́n sọ ọ́ di ẹni ẹ̀yìn. Bí ẹni pé wọ́n mú oníbàárà tó mọ ọjà ná jù, wọ́n ní kó wá máa ṣọ́ ìsọ̀: ó mọ gbogbo ẹ̀tàn tí ẹni tó ń bọ̀ fẹ́ ta. Àmọ́ ó pẹ́ kó tó kọ́ ìṣọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá kejì, nígbà míì ojú rẹ̀ á lọ sára bọ́ọ̀lù, á gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i, mi ò fojú fò ó. Ṣùgbọ́n nínú eré sísá, Àìná ò bá a dé ibẹ̀, àyà rẹ̀ kì í sì í já. Ṣé o rántí Trabzon, March 2024, nígbà táwọn èrò ya wọ pápá láti lu àwọn ará Fenerbahçe? Mi ò ní kó o máa jà, àmọ́ ọmọ náà ò sá fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tí Àìná fara pa ní September 2025, tí kò lè bá wọn lọ sí ife Áfíríkà ní Morocco, ta ló di ibẹ̀ mú? Bright náà ni. Ọgọ́fà ìṣẹ́jú ni Morocco fi gbá bọ́ọ̀lù nílé ara wọn, wọn ò ráyè jẹ góòlù, pẹnáritì ni wọ́n fi lé wa lọ. A padà gba ipò kẹta lọ́wọ́ Egypt. Ìwọ gan-an hó yèè lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ohùn rẹ.

Tí wọ́n bá bi mí, tí ara àwọn méjèèjì bá le, Àìná ni kó bẹ̀rẹ̀, nítorí sùúrù rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó kó gbogbo èèyàn sẹ́yìn la bá kojú, kí wọ́n gbé Àìná sí òsì, kí Bright máa sáré lápá ọ̀tún títí á fi rẹ̀ wọ́n. Ohun tí mo gbà nìyẹn, mi ò ní tijú láti sọ ọ́ níwájú akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Wàá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀nyẹn padà, ọkọ mi, wàá sì sọ fún wọn pé o kó ọ̀rọ̀ “ọmọ Yorùbá” yẹn jẹ. Tí Àìná bá wù yín, ẹ sọ ohun tó ń ṣe lórí pápá. Kí n má tún gbọ́ èébú Bright nínú ilé yìí mọ́.