Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Gún Ẹja Lóru

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Houston, tí ẹ ń lọ gún ẹja flounder ní Galveston lóru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè nínú omi. Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀, kí ẹja tó ní ẹ̀gún oró nídìí ìrù lè gbọ́ yín, kó yàgò.

Flounder á ti fi iyanrìn bora, àwọ̀ rẹ̀ á jọ ti ilẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ni kí ẹ fi iná wá. Bí kò bá tó íńṣì 15, ẹ fi sílẹ̀, torí èyí tí a bá ti gún kò ṣeé dá padà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, òfin Texas ní ká má pa á rárá: ìgbà náà ló ń lọ yé ẹyin lójú òkun. Ẹ má sì dá nìkan lọ.