Yíìsì, Ṣúgà àti Ọmọ Tí Inú Rẹ̀ Kò Tíì Le: Ẹ̀kọ́ Fún Àwa Ìyá Ọjà

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ tèmi gan-an, níbi tí mo ti ń ta ṣúgà, mílíìkì, yíìsì, oyin àti bísíkíìtì. N kò sọ ọ́ láti fi yangàn, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀bi rẹ̀.

Oníbàárà mi kan ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìgbẹ́ gbuuru ti bá ọmọ náà fínra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì ti fún un ní oríṣiríṣi oògùn. Nígbẹ̀yìn, ilé ìwòsàn ní kí wọ́n jẹ́ kí ìfun rẹ̀ sinmi fúngbà díẹ̀: kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ mu mílíìkì inú agolo, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà àti mínírà. Ìyá ọmọ mú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wá bá mi. Mo ta súìtì kan fún un tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà. N ò ka ìyókù ohun tó wà lára páálí náà.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò kan sáré po omi iyọ̀ àti ṣúgà, àmọ́ ìyá àgbà ọmọ yarí: "Ṣé ẹ ò gbọ́ pé dókítà ní kò gbọdọ̀ kan ṣúgà ni?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ọmọ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omi ò jáde lójú rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lásìkò, wọ́n sì fa omi sí i lára. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, orúkọ ṣúgà ni gbogbo wa mọ̀ lọ́jọ́ náà, a ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ikùn. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa nìyẹn.

KÍ NI ṢÚGÀ Ń ṢE NÍNÚ ÌFUN TÓ Ń ṢÀÌSÀN?

Inú ìfun dà bí ara táwẹ̀lì, ó ní irun wẹ́wẹ́ lára. Níbi irun yìí ni ara ti máa ń gé ṣúgà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó gbà á. Ṣúgà tí à ń tà ní páálí jẹ́ méjì tó so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà inú mílíìkì. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá pẹ́ lára ọmọ, irun yẹn á jẹ, kò ní lè gé ṣúgà dáadáa mọ́. Ṣúgà tí ara ò gbà á jókòó sínú ìfun, á máa fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun á sì máa jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ikùn fi ń wú, tí afẹ́fẹ́ ń pọ̀, tí ìgbẹ́ sì ń dà bí omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ohun tó máa wà títí. Tí ìfun bá ti san, irun náà á tún hù.

Ọ̀rọ̀ kí á yọ oúnjẹ kan kúrò fún ọmọ tí ìfun ń dà láàmú kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1924, dókítà kan ní New York, Sidney Haas, kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tó sì ń yọ búrẹ́dì kúrò. Ara ọ̀pọ̀ wọn yá, gbogbo èèyàn sì rò pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣe é. Ní àwọn ọdún 1940 ni dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, wá rí i pé àlìkámà inú búrẹ́dì gan-an ló ń ba ìfun àwọn ọmọ kan jẹ́. Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí wọ́n yọ kúrò ló ṣiṣẹ́, ohun míì ló gba ọpẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa wádìí ká tó dá ẹjọ́.

Ọ̀RỌ̀ YÍÌSÌ

Yíìsì, tí Bíbélì ń pè ní ìwúkàrà, jẹ́ ohun abẹ̀mí tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Tó bá jẹ ṣúgà tán, á tú afẹ́fẹ́ àti ọtí jáde. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kí ìyẹ̀fùn búrẹ́dì àti póf-póf wú. Àmọ́ iná máa ń pa á. Yíìsì inú búrẹ́dì tó jinná ti kú, kò lè hù nínú ikùn ọmọ. Bákan náà ni ògì kíkan: yíìsì àti kòkòrò rere ló ń mú un kan, tí a bá ti fi omi gbígbóná ro ó lórí iná di ẹ̀kọ, wọ́n ti kú. Èyí tó wà láàyè ni ti inú ẹmu. Ẹmu kì í ṣe ohun mímu ọmọdé o, bó ti wù kó jẹ́ àárọ̀ ni wọ́n gbé e sọ̀.

Nǹkan funfun tó máa ń bo ahọ́n ọmọ ọwọ́, yíìsì mìíràn ló ń fà á, Candida lorúkọ rẹ̀. Ó ti máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Tí a bá fún ọmọ ní oògùn apakòkòrò lálòjù, kòkòrò rere á kú, Candida á ráyè. Oògùn tirẹ̀ wà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé ọmọ lọ. Kí á kàn fi búrẹ́dì du ọmọ kò lè wò ó.

Gbogbo yíìsì kọ́ sì ni ọ̀tá. Ọkùnrin ilẹ̀ Faransé kan, Henri Boulard, rí yíìsì kan ní àwọn ọdún 1920 tí àwọn dókítà ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru di òní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi yíìsì oníbúrẹ́dì dán an wò o!

Ọ̀RỌ̀ ADÙN

1. Oyin. Ṣúgà inú rẹ̀ ti já sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbà á láàyè nígbà tí wọ́n bá yọ ṣúgà páálí. Àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá, torí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń rọ ọmọ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti da omi ṣúgà mọ́ oyin, oyin kọ́ ni mọ́. Kí á ṣáná sí i tàbí kí á kán an sómi kò fi dájú.

2. Súìtì àti ṣingọ́ọ̀mù "tí kò ní ṣúgà". Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ẹ ó rí sorbitol, mannitol tàbí xylitol. Ìfun kì í gbà wọ́n tán, wọ́n sì máa ń fa omi. Irú èyí ni mo tà fún ìyá ọmọ yẹn.

3. Orúkọ mìíràn tí ṣúgà ń jẹ́. Glucose, dextrose, maltose, fructose, syrup: ilé kan náà ni gbogbo wọn ti wá.

ṢÚGÀ TÍ A KÌ Í YỌ

Tí ìgbẹ́ bá ti dé, omi iyọ̀ àti ṣúgà di oògùn. Ṣúgà díẹ̀ yẹn ló ń fa iyọ̀ wọ inú ara, iyọ̀ á sì fa omi tẹ̀lé e. Bí ìgbẹ́ bá tiẹ̀ le, ilẹ̀kùn yìí kì í sábà tì. Ó gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n ni. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2002 ní giráàmù 13.5 glucose nínú lítà kan. Ọ̀pọ̀ mínírà ní nǹkan bíi giráàmù 100 ṣúgà nínú lítà kan! Ẹ má fi mínírà rọ́pò rẹ̀ láé.

Ẹ ra O.R.S. ní kẹ́míìsì, kí ẹ sì po ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ wá omi mímọ́ lítà kan (píọ̀ wọ́tà oní-50cl méjì), ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà, àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Kí ṣíbí ṣe déédéé, kó má ga. Ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè oògùn zinc pẹ̀lú, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó. Ọmọ tó ń mu ọmú, kó máa mu ún lọ. Tí ojú bá jìn wọnú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí ọmọ ò tọ̀ tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ gbé e lọ kíá.

IṢẸ́ TI ÀWA TÓ Ń TÀ

Tí oníbàárà bá bi ọ́ pé "ṣé ṣúgà wà nínú ẹ̀?", tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Ẹ̀yin tó ń ta sobo, kunu àti yógọ́ọ̀tì, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fi mú un dùn. Ẹ̀yin oloyin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí wọ́n lú fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹnu ara rẹ̀ yọ oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tí wọ́n bá fún ní irú ìlànà oúnjẹ yìí, kí wọ́n máa gbé e lọ wọn lórí ìwọ̀n, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí yóò parí. Ẹni tí à ń wò tí kò jẹun kánú, kí ni yóò fi ta kébé?

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ọjà tiwa, ẹ jẹ́ kí òtítọ́ tà.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa: (1) Kí ló dé tí omi iyọ̀ àti ṣúgà fi yàtọ̀ sí mínírà? (2) Èwo nínú ọjà rẹ ni o kò tíì ka ara rẹ̀ rí? Mú un wá, ká jọ kà á.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. A ò ní fi èrè ọjà sin ọmọ o. Àṣẹ.