Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Olùdarí Sinimá Lórí Ìtàn Ọ̀dàlẹ̀ àti Ẹ̀san

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ yan iṣẹ́ sinimá láàyò, tí ẹ sì ń fẹ́ gbé ìtàn ogun, ìtàn ọ̀dàlẹ̀ àti ìtàn ẹ̀san kalẹ̀ kí aráyé rí i, ẹ gbọ́. Kò sí ìtàn tí ó ń yá àwọn òǹwòran wa lára ju ìtàn ẹni tí ó da ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀san sì ké lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sì sí èyí tí a ń bà jẹ́ tó o, nítorí pé a máa ń dá ẹjọ́ ọ̀dàlẹ̀ kí á tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá: ojú rẹ̀ yóò ti le láti ìbẹ̀rẹ̀, orin burúkú yóò máa tẹ̀ lé e kiri, ọmọdé tí ó jókòó níwájú amóhùnmáwòrán yóò sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú àwọn tí ó fẹ́ dà. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìkìlọ̀ tí àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún adájọ́ kan olùdarí sinimá pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ó kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lọ wo L'Armée des ombres, sinimá tí Jean-Pierre Melville, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní 1969. Láti inú ìwé tí Joseph Kessel kọ ní 1943, nígbà tí ilẹ̀ Faransé wà lábẹ́ ìṣàkóso Jámánì, ni ó ti fa ìtàn náà yọ. Melville fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó bá àwọn ará Jámánì náà jà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó ti bá ìbẹ̀rù gbé ni ó mọ̀ pé ìbẹ̀rù kì í pariwo. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iṣẹ́ náà fi dákẹ́ rọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kí ẹ kọ́ òǹwòran ní ìfura kí ẹ tó fi ọ̀dàlẹ̀ kankan hàn án. Nígbà tí Gerbier, ọ̀kan nínú àwọn ajìjàgbara inú sinimá náà, ẹni tí Lino Ventura ṣe, sá mọ́ àwọn ará Jámánì lọ́wọ́ lóru, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ni ó yà sí, ó sì ní kí onígbàjámọ̀ náà fá irùngbọ̀n òun. Lára ògiri ibẹ̀ ni ìwé àlẹ̀mógiri wà tí ó ń yin Pétain, olórí tí ó bá ọ̀tá dọ́wọ́ pọ̀. Abẹ sì ń rìn lọ́rùn Gerbier, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Àwa tí à ń wòran ti gbà pé onígbàjámọ̀ yìí yóò tà á, àfi bí ó ti fárùngbọ̀n tán tí ó gbé kóòtù mìíràn wá fún un, kí wọ́n má baà dá a mọ̀ ní ìgboro. Ìbọn kankan kò dún níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ni a ti mọ̀ pé ojú kọ́ ni inú, ọkàn wa kò sì tún balẹ̀ mọ́.

Ohun kejì ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀san wúwo lọ́wọ́ ẹni tí ń gbà á. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dounat ni ó ta Gerbier. Àwọn ẹgbẹ́ wọn rí i mú ní Marseille, wọ́n sì mú un lọ sí ilé kan tí wọ́n háyà nítorí ikú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn kan ti kó wá sí ilé tí ó tẹ̀ lé e, ògiri sì fẹ́lẹ́, ìbọn kò ṣeé yìn. Wọ́n béèrè ọ̀bẹ, kò sí ọ̀bẹ. Aṣọ ìnuwọ́ ni wọ́n fi fún un lọ́rùn pa níkẹyìn, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Dounat jẹ̀bi, ẹ̀san sì tọ́ sí i, síbẹ̀ Melville kọ̀ láti fi adùn sí i fún wa. Bí àwọn òǹwòran bá pàtẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ yín bá kú, ẹ padà sídìí iṣẹ́ náà, ẹ tún un tò, nítorí pé ẹ ti gbàgbé láti fi hàn wọ́n pé ènìyàn ni ó kú, ènìyàn ni ó sì pa á.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ó wọ̀ yín lára jù lọ: ohun tí ènìyàn fẹ́ràn ni ọ̀tá fi ń mú un. Mathilde, ẹni tí Simone Signoret ṣe, ni ó gbọ́n jù tí ó sì láyà jù nínú wọn; òun ni ó ń gbèrò, òun ni ó ń ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó ní àwòrán ọmọbìnrin rẹ̀ nínú àpò, Gerbier sì kìlọ̀ fún un pé kí ó jù ú nù, kò lè jù ú nù. Nígbà tí ọwọ́ Jámánì tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí ó dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ilé aṣẹ́wó àwọn ọmọ ogun. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Wọ́n dá Mathilde sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì mọ ohun tí ìdásílẹ̀ náà túmọ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ náà gan-an ni ó yìnbọn fún un lójú pópó, olórí wọn, Luc Jardie, sì jókòó fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti yìnbọn. Mathilde rí wọn, ó dúró, ó wò wọ́n. Bóyá ó ń retí wọn, bóyá ẹ̀rù ni, Melville kò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe túmọ̀ ohun tí ojú òṣèré bá ti sọ.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ àjèjì nìkan ni irú ìtàn yìí wà. Ẹ wo Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí Aláàfin Aólẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́, rán lọ sí ogun Ìwéré kí ó lè ṣègbé síbẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí Ọba, ó fi Ìlọrin ṣe ibùdó agbára rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ sì wá gba ẹ̀mí rẹ̀. Ta ni ó dalẹ̀ nínú wọn, ta ni ẹ̀san sì tọ́ sí? Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn yìí ṣe sinimá, kí ó gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìn Afọ̀njá ní ọjọ́ tí iṣẹ́ Aláàfin dé, kí á bá a gbọ́ ọ, kí inú bí wa bí ó ti bí i. Nígbà tí ó bá wá ṣìnà, àwa náà yóò mọ̀ pé a ti bá a rìn jìnnà.

Nítorí náà, kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ bi olúkúlùkù ẹ̀dá ìtàn yín léèrè ohun tí kò lè jù nù, kí ẹ sì fi í lé e lọ́wọ́ ní gbangba, ṣáájú kí ọ̀tá tó rí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ bi olùgbẹ̀san náà ní ìbéèrè kan náà. Melville parí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó sọ bí ikú ti pa àwọn mẹ́rin tí ó wà nínú ọkọ̀ náà: kò sí èyí tí ó yè títí ogun fi parí, Jardie sì kú sábẹ́ ìyà lẹ́yìn tí ó dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo, orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀san ò gbóògùn, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba ẹ̀san kì í padà sílé lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ yín sì ni láti fi iye tí ó san hàn wá.